Bísíkíìtì ìgbà èwe mi: ṣé òun ló yí padà ni, àbí ẹnu mi?

Ẹnu_Kì_Í_Sinmi

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí lè jọ ọ̀rọ̀ ọmọdé lójú yín, ṣùgbọ́n ẹ bá mi dá sí i.

Bísíkíìtì kan wà tí mo fẹ́ràn gidi gan-an nígbà tí mo wà ní kékeré, irú èyí tí wọ́n fi kírímù ọsàn sáàárín méjì. Láti ìgbà tí mo ti jáde ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mi ò ti fojú kàn án mọ́, mo sì ti gbà pé wọn ò ṣe é mọ́. Àfi bí mo ṣe bá a pàdé lórí àtẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tòun ti páálí rẹ̀ àtijọ́. Inú mi dùn débi pé mi ò lè mú un délé. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni mo ti já a.

Bí mo ṣe máa ń jẹ ẹ́ nígbà yẹn náà ni mo ṣe jẹ ẹ́: mo yí òkè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi là, mo wá fi eyín ìsàlẹ̀ ha kírímù náà láti etí kan dé ìkejì. Ó dùn o, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ orí ahọ́n ni adùn náà dúró sí, kò wọnú. Kírímù rẹ̀ lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu mi, kò fẹ́ yọ́. Bísíkíìtì fúnra rẹ̀ sì kéré. Bí mo ṣe rántí rẹ̀, ó máa ń kún àtẹ́lẹwọ́ mi ni.

Ṣé wọ́n ti ba bísíkíìtì yìí jẹ́ ni, àbí èmi ni mo ti dàgbà kọjá a? Ẹni tó bá ti rí ìpápánu ìgbà èwe rẹ̀ padà rí, ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe rí lẹ́nu yín?

Àgbà_Ìjẹkújẹ

Ìwọ lo dàgbà. Àtẹ́lẹwọ́ ẹ ló tóbi sí i. Ó parí.

Fi èyí tó kù ránṣẹ́ sí mi.

Adáná

@Àgbà_Ìjẹkújẹ, ẹ má tètè parí ẹjọ́ o. Mo ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí wọ́n ti ń ṣe bísíkíìtì, ìdí kírímù gan-an ni wọ́n fi mí sí. Ibi tí ẹni tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ti sọ pé kírímù náà kò fẹ́ yọ́ ni mo ti dá ohun tó ṣẹlẹ̀ mọ̀.

Kò sí wàrà kan níbẹ̀ tó tó nǹkan. Ṣúgà tí wọ́n lọ̀ kúnná ni kírímù inú bísíkíìtì, àti ọ̀rá, àti ohun tó ń fún un ní òórùn dídùn. Ọ̀rá yẹn ló ni gbogbo iṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ le nínú páálí kí bísíkíìtì òkè má baà máa yọ̀ kúrò lórí ti ìsàlẹ̀, síbẹ̀ tó bá ti kan ẹnu báyìí, kó yọ́ kíá. Láyé àtijọ́, ohun tó ń ṣe méjèèjì láìsí wàhálà ni epo tí wọ́n ti fi afẹ́fẹ́ háídírójìn sọ di ọ̀rá líle. Kò wọ́n, kì í tètè kan, kírímù rẹ̀ a sì máa yọ́ lẹ́nu wẹ́rẹ́. Nígbà tó yá làwọn onímọ̀ ìlera rí i pé ọ̀rá yẹn ń dá àrùn ọkàn sílẹ̀. Denmark ló kọ́kọ́ fi òfin dè é lọ́dún 2003. Amẹ́ríkà kéde lọ́dún 2015 pé kò gbọ́dọ̀ sí nínú oúnjẹ mọ́, wọ́n sì fún àwọn ilé-iṣẹ́ ní gbèdéke ọdún 2018. Lọ́dún 2018 kan náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ké sí gbogbo orílẹ̀-èdè pé kí wọ́n mú un kúrò kí 2023 tó parí.

Torí náà, páálí lè wà bó ṣe wà kí inú rẹ̀ ti di ọ̀tọ̀. Epo ọ̀pẹ tí wọ́n ti bó àwọ̀ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fi dípò, wọ́n á pò ó mọ́ òmíràn. Bí pípò rẹ̀ ò bá dọ́gba, apá kan rẹ̀ ò ní yọ́ nínú ooru ẹnu. Òun ló lẹ̀ mọ́ yín ní òkè ẹnu yẹn.

Mi ò lè bínú sí àyípadà náà ṣá. Mo mọ ohun tí à ń rọ́ sínú ìkòkò nígbà yẹn.

Kò_Sí_Ìyàtọ̀

Àwọn kan ò yí padà jàre. Oreo ńkọ́? Ohun kan náà ni mò ń jẹ láti kékeré.

Adáná

Ọ̀rẹ́ mi, Oreo ti wà láti 1912, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ sì ni wọ́n fi ń ṣe kírímù rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀yìn 1990 ni wọ́n tó pa ìyẹn tì, wọ́n bọ́ sórí epo tí wọ́n fi háídírójìn sọ di líle. Nígbà tó di 2006, wọ́n tún pààrọ̀ ìyẹn náà. Bàbá àgbà, ọmọ àti ọmọ-ọmọ lè jókòó ti páálí kan kí kálukú máa ṣàárò kírímù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Kò_Sí_Ìyàtọ̀

Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ KẸ̀?

Adáná

Wọ́n ti pa á tì tipẹ́. Ẹ fọkàn balẹ̀.

Tíṣà_Sáyẹ́ǹsì

Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Adáná ti gbẹnu sọ fún bísíkíìtì, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹnu.

Ọmọdé nífẹ̀ẹ́ adùn ju àgbà lọ, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ wọ̀bìà. Ní Monell Chemical Senses Center, ilé ìwádìí lórí ìtọ́wò àti òórùn ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà, Julie Mennella àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bu omi ṣúgà oríṣiríṣi fún tọmọdé tàgbà pé kí kálukú yan èyí tó wù ú jù. Èyí tí ọmọdé ń yàn dùn ju ti àgbà lọ fíìfíì. Nǹkan bí àárín ìgbà ọ̀dọ́ ni ìfẹ́ ọkàn yẹn máa ń wálẹ̀ sí ti àgbà. Ara tó ń ga, tí egungun rẹ̀ ń nà, ń wá agbára lójú méjèèjì, ibi tó sì ti lè tètè rí i ni ṣúgà. Ti ìkorò náà tún yàtọ̀: kọfí tí ọmọdé máa tu dànù, ẹ̀yin ń mu ún láàárọ̀ láìfi nǹkan kan sí i.

Bí ẹnìkan bá rí bísíkíìtì ìgbà yẹn gan-an gbé kalẹ̀ níwájú yín lónìí, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ní ó ti dùn jù.

Ẹ wá fi ti imú kún un. Ẹ mú suwíìtì ọsàn kan, kẹ́ ẹ di imú yín kí suwíìtì náà tó wọ ẹnu. Adùn lẹ máa gbọ́, bóyá pẹ̀lú kíkan díẹ̀. Ẹ ò ní lè sọ bóyá ọsàn ni tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ wá tú imú sílẹ̀, kẹ́ ẹ rí bí ọsàn á ṣe yọ sí yín lójijì. Ọ̀nà ẹ̀yìn ọ̀fun ni òórùn rẹ̀ gbà gòkè lọ sínú imú. Linda Buck àti Richard Axel ló ṣàwárí lọ́dún 1991 àwọn ohun tíntìntín tí imú fi ń dá òórùn mọ̀. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2004 nítorí rẹ̀. Ti ọmọ ènìyàn tó nǹkan bí 400 oríṣi. Òórùn sì ní ọ̀nà àbùjá lọ sí ibi tí ọpọlọ ń tọ́jú ìrántí àti ìmọ̀lára sí, ojú àti etí ò ní irú ẹ̀. Ìdí rèé tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já páálí fi lè bá ara rẹ̀ ní kíláàsì àkọ́kọ́ kó tó gé ẹyọ kan jẹ.

Ẹnu_Kì_Í_Sinmi

Tíṣà, mo ti dán ti imú yẹn wò. Suwíìtì oníṣítírọ́bẹ́rì ló wà nínú àpò mi. Bí mo ṣe di imú, àfi bí ẹni ń lá ṣúgà lásán! Ẹni tó bá jókòó tì mí nínú ọkọ̀ á ti máa rò pé orí mi ò pé.

Àmọ́ kò tíì yé mi tán. Kí ló dé tí gúgúrú ò yí padà lẹ́nu mi? Bó ṣe dùn nígbà yẹn náà ló ṣe dùn lónìí.

Tíṣà_Sáyẹ́ǹsì

Kí lẹ fẹ́ kó yí padà lára gúgúrú? Àgbàdo ni. Omi tó wà nínú rẹ̀ ló hó, nígbà tí ooru bá sì dé nǹkan bí 180°C, èèpo ò lè dì í mú mọ́, ó bú. Kò sí ilé-iṣẹ́ tó lè pààrọ̀ ìyẹn.

Ohun kejì tún wà níbẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń fi iyọ̀ sí i, bó bá sì ṣe wu ẹnu yín lọ́dún náà lẹ ṣe ń fi í sí i. Ìpápánu tí èèyàn ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe máa ń bá a dàgbà láìjẹ́ pé ó fura. Èyí tó wá nínú páálí ò mọ̀ yín rí.

Má_Wá_A_Mọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Èrò tèmi ni pé ká fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Bàbá àgbà mi máa ń yọ suwíìtì míǹtì kan lápò fún mi. Ó máa ń pẹ́ nínú àpò ẹ̀wù débi pé bébà rẹ̀ á ti lẹ̀ mọ́ ọn, èèyàn á máa fi èékánná ṣí i wẹ́wẹ́, ìyókù bébà á sì bá a wọ ẹnu. Ó máa ń ní òórùn tábà àti ti kámfọ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn tí bàbá kú, mo wá irú suwíìtì náà rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo ra odidi àpò kan. Suwíìtì tó dáa ni, ó mọ́ tónítóní, bébà rẹ̀ ń dán. Mo sì jẹ ẹ́ tán. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti rántí bàbá, òórùn suwíìtì tó mọ́ yẹn ló ń kọ́kọ́ sọ sí mi. Ti tábà ọ̀hún ti ń lọ díẹ̀díẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá ti ní i lórí, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Àgbà_Ìjẹkújẹ

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mi ò lè fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́.

Tíṣà_Sáyẹ́ǹsì

@Má_Wá_A_Mọ́, ẹ kú àfẹ́kù bàbá. Ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn kì í ṣe àbá lásán, torí ìgbàkígbà tá a bá gbé ìrántí kan jáde, ó ṣeé ṣe kí nǹkan tuntun wọnú rẹ̀ ká tó dá a padà. Ṣùgbọ́n bí kámfọ̀ bá wà nílé, ẹ fi díẹ̀ sínú àpò aṣọ kan pẹ̀lú suwíìtì míǹtì mélòó kan fún ọjọ́ díẹ̀, kẹ́ ẹ máa gbóòórùn rẹ̀ láìjẹ ẹ́. Òórùn tábà nìkan ló máa ṣáà kù tẹ́ ẹ máa wá.

Má_Wá_A_Mọ́

Hùn-ún. Mi ò rò ó dé ibẹ̀ rí.

Abiyamọ_Òde_Òní

Èmi ò gbà pé ká fi í sílẹ̀ ní tèmi, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí níbẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí mo wá lọ.

Èyí tí mo fẹ́ràn ni suwíìtì oníyẹ̀fun yẹn, tó máa ń hó lórí ahọ́n. Nígbà tí mo rí i, mo ra tèmi, mo ra ti ọmọ mi obìnrin. Tèmi kan mí lẹ́nu bí ọtí kíkan, mo gbé e sílẹ̀. Òun da tiẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ìka ìlábẹ̀ tọ́ ọ wò, ó wá ki gbogbo ahọ́n bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú kan pa dé. Èjìká méjèèjì gòkè kan etí. Ó dúró bẹ́ẹ̀ láìmí, ó wá ní, "Mọ́mì, ó ń jẹ mí padà!" Kí n tó dá a lóhùn, ó ti ń lá ti àárín ìka.

Èmi ti rí ohun tí mo rà. Ó kàn jẹ́ pé ẹnu mi kọ́ ló lọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ nípa eyín, ẹ gbà mí. Ojoojúmọ́ ló ń béèrè fún un báyìí.

Ehín_Funfun

Ohun tó wu ọmọ í jẹ kì í run ọmọ nínú, òótọ́ ni, àmọ́ wọn ò fi eyín sí i.

Ìtọ́jú eyín ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ ní kúkúrú. Iye ìgbà tí ṣúgà ń kan eyín lóòjọ́ burú ju bó ṣe pọ̀ tó lẹ́ẹ̀kan lọ. Suwíìtì tí ọmọ jẹ tán lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán sàn ju èyí tó ń pọ́n lá láti àárọ̀ dalẹ́. Èyí tó bá kan lẹ́nu ń mú ara eyín rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, torí náà kó fi omi yọ ẹnu, kẹ́ ẹ dúró bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó fọ eyín. Ní ti ìwọ̀n, ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2015 ni pé kí ṣúgà tí wọ́n ń fi sí nǹkan má kọjá ìdá 10 nínú 100 agbára oúnjẹ òòjọ́, kó sì dáa bí ò bá kọjá ìdá 5. Ìdá 5 yẹn jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 25 fún àgbàlagbà. Ti ọmọdé kéré sí i.

Ẹ yan ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ fún un. Ó máa dùn mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Awọ́nǹkan

Kò sẹ́ni tó tíì dá ọ̀rọ̀ kíkéré lóhùn. Ọwọ́ yín tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ náà ń gé e. Lọ́dún 2016, Toblerone, ṣokoléètì gígùn tó ní òkè ṣóńṣó-ṣóńṣó, tí wọ́n ń tà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bọ́ láti gíráàmù 400 sí 360, ti 170 sì bọ́ sí 150. Wọn ò fọwọ́ kan gígùn páálí. Àlàfo àárín òkè kan sí èkejì ni wọ́n fẹ̀, ariwo tó sọ kì í ṣe kékeré. Wọ́n tún padà wá yí àlàfo náà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ òtítọ́ nípa tiyín, ẹ wá àwòrán páálí àtijọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iye gíráàmù máa ń wà nísàlẹ̀ níwájú. Ẹ fi wé tòní. Ojú tí wọ́n fi ń wo nǹkan ní ọmọdé ò ṣeé gbọ́kàn lé, nọ́ńbà ṣeé gbọ́kàn lé.

Ẹnu_Kì_Í_Sinmi

Mo ti wá a. Iye gíráàmù kan náà ni.

Awọ́nǹkan

Ó dáa, ọwọ́ yín nìyẹn.

Àgbà_Ìjẹkújẹ

MO TI SỌ TẸ́LẸ̀.

Ìtàn_Ò_Tán

Bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe àríyànjiyàn bóyá ẹnu ni tàbí ohun tí à ń jẹ, mo rántí Coca-Cola. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 1985, wọ́n pààrọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ti fún èèyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200,000 ní tuntun àti àtijọ́ tọ́ wò, tuntun ló wu àwọn tó pọ̀ jù. Wọ́n gbé e jáde tán, ìlú dàrú. Lẹ́tà àti ìpè ò jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje, wọ́n kéde pé àtijọ́ ń padà bọ̀.

Àwọn tó tọ́ ọ wò ò parọ́. Wọ́n kàn bi wọ́n léèrè pé èwo ló dùn jù, wọn ò bi wọ́n léèrè pé èwo ni tiwọn.

Àwọ̀ lásán náà tó ó dá wàhálà sílẹ̀. Lọ́dún 1976 tí Amẹ́ríkà fòfin de aró pupa kan, M&M's, suwíìtì ṣokoléètì wẹ́wẹ́ aláwọ̀ oríṣiríṣi, yọ ti pupa kúrò nínú àpò wọn, bẹ́ẹ̀ aró ọ̀hún ò sí nínú tiwọn rárá; wọ́n kàn ń sá fún ìbẹ̀rù àwọn èèyàn ni. Ọdún 1987 ni pupa tó padà. Ọmọ tó dàgbà láàárín ìgbà yẹn ò mọ̀ pé pupa wà rí.

Àtọ̀gbẹ_Ò_Ní_Kí_N_Má_Rẹ́rìn-ín

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òwúrọ̀. Àtọ̀gbẹ ń ṣe mí, ti kírímù ọsàn ti kọjá lára mi. Ọ̀rọ̀ Tíṣà lórí imú ló mú kí n kọ̀wé. Mo ti ń ṣe é tipẹ́ láìmọ ohun tó fà á: bí àwọn ọmọ ọmọ mi bá fẹ́ ṣí páálí bísíkíìtì, èmi ni mo máa ń bá wọn ṣí i. Mo máa ń gbé e súnmọ́ imú kí n tó fà á ya, mo máa ń fa atẹ́gùn rẹ̀ àkọ́kọ́ sínú dáadáa, kí n tó nà án sí wọn. Ìyàwó mi ní ojú ń tì òun nítorí mi. Kó máa tì í.

Ehín_Funfun

Ẹ kú ọgbọ́n, bàbá. Kò sí dókítà tó máa fòfin de ìyẹn.

Eruku_Funfun

Ẹ forí jì mí tí mo bá já lu ọ̀rọ̀ yín. Ṣokoléètì tí mo fẹ́ràn ní kékeré ni ọ̀rẹ́ mi kó wá fún mi, ó ti ní nǹkan funfun lára. Ṣé ó ti bu ni?

Adáná

Bó bá jẹ́ funfun tó tẹ́ pẹrẹsẹ lójú rẹ̀, tí kò ní irun, ọ̀rá kòkó ló jáde. Ó yọ́ díẹ̀ nínú ooru (nǹkan bí 34°C ló ń yọ́), ó tún dì padà láìtò bó ṣe yẹ. Ẹ jẹ ẹ́, kò ní ṣe yín ní nǹkan kan. Á kàn máa fọ́ wúrúwúrú lẹ́nu ni. Bẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ yọ́ ọ sínú wàrà gbígbóná.

Mo sì ti ń rò ó láti àná: ẹni tó dá ìjíròrò sílẹ̀, kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi ṣe kírímù náà fúnra yín? Bọ́tà gíráàmù 100 tó ti rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì yọ́. Ṣúgà tó kúnná bí àtíkè, gíráàmù 200, ẹ jọ̀ ọ́ kó tó wọlé. Ẹ lù ú títí àwọ̀ rẹ̀ á fi mọ́ sí i. Omi ọsàn kọ́ lẹ máa fi sí i o, á mú un ṣàn. Èèpo ni kẹ́ ẹ ha, apá aláwọ̀ nìkan, torí ibẹ̀ ni epo olóòórùn rẹ̀ wà. Funfun abẹ́ rẹ̀ korò. Ẹyọ iyọ̀ kan péré. Ẹ gbé e sínú fíríìjì kó le díẹ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ́ ẹ sáàárín bísíkíìtì tí kò ní kírímù. Bọ́tà máa ń yọ́ nínú ẹnu, kò sí ohun tó máa lẹ̀ mọ́ òkè.

Kò ní dà bíi ti ìgbà yẹn. Ó máa dáa jù ú lọ, èyí sì lè dùn yín ní ọ̀nà mìíràn.

Ẹnu_Kì_Í_Sinmi

Màá ṣe é ní Sátidé. @Tíṣà, ṣé mo lè di imú?

Tíṣà_Sáyẹ́ǹsì

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ha èèpo ọsàn tán? Ẹ ò ní fẹ́ dì í.

Kò_Sí_Ìyàtọ̀

Nígbà tá a ti ń kọ́ni níbí, mo ní ìbéèrè gidi. Páálí bísíkíìtì oníkírímù kan wà nílé tí ẹnìkan ṣí sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti rọ̀. Ṣé ó ṣeé tún ṣe?

Adáná

Ó ṣeé ṣe. Omi inú afẹ́fẹ́ ló mu, ẹ kàn ní láti lé e jáde. Ẹ tò ó sórí àwo pẹrẹsẹ, ẹ gbé e sínú ààrò tó gbóná dé 150°C fún ìṣẹ́jú bíi márùn-ún, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ìgbà tó bá ń tutù ló máa ń le. Ṣùgbọ́n ẹ la gbogbo rẹ̀ sí méjì, kẹ́ ẹ ha kírímù kúrò kó tó wọ ààrò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á jó.

Kò_Sí_Ìyàtọ̀

Ẹ ṣeun. Kírímù tí mo bá ha kúrò ńkọ́, kí ni kí n fi ṣe?

Àgbà_Ìjẹkújẹ

Ẹ gbọ́ ìbéèrè.